Mo Rí I, Mo Sì Sọ Ọ́: Láti Pápá Gọ́ọ̀fù dé Ìdí Máíkì Tẹlifíṣọ̀n

Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ máa ń wá sílé mi lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti jáde girama, tẹ́ ẹ ń bi mí irú iṣẹ́ tẹ́ ẹ lè ṣe, ìbéèrè kan ni èmi náà máa ń kọ́kọ́ bi yín. Ṣé ẹ lè fara dà á kí gbogbo ìlú máa pè yín ní òpùrọ́, nígbà tẹ́ ẹ mọ̀ pé òótọ́ lẹ sọ? Bí ẹ bá ní ẹ ò lè fara dà á, ẹ lọ kọ́ iṣẹ́ mìíràn, inú mi ò ní bàjẹ́ sí yín. Èmi fara dà á. Mo ṣì ń rìn láàárín ìgboro Ọ̀wọ̀, mo ṣì ń ra ẹran lọ́wọ́ àwọn tó bú mi nígbà náà, mi ò sì bẹ ẹnikẹ́ni títí di òní.

Sàlámátù lorúkọ mi. Wẹ́dà ni baba mi, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà láàárín ìlú, níbi tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ sí. Géètì ló ń ṣe jù, ṣùgbọ́n òun náà ni wọ́n ń gbé ọ̀pá gọ́ọ̀fù tó bá ṣẹ́ wá bá. Pápá gọ́ọ̀fù kan wà lójú ọ̀nà Ìpele nígbà náà. Àwọn òyìnbó tó ń gé gẹdú nínú igbó Ọ̀sẹ̀ ló la pápá náà. Nígbà tí wọ́n lọ, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn dókítà àti àwọn ará báńkì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a. Ẹ má rò pé ó rí bí èyí tẹ́ ẹ ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n báyìí, tí gbogbo ilẹ̀ tutù minijọ. Yí ihò kọ̀ọ̀kan ká, kò sí koríko. Iyanrìn ni, tí wọ́n fi ọ́ìlì dúdú tí wọ́n dà jáde lára ẹ́ńjìnnì pò, kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Bíráùn la ń pè é. Bí o bá gbá bọ́ọ̀lù débẹ̀, ọwọ́ rẹ, bàtà rẹ, etí aṣọ rẹ, gbogbo rẹ̀ á dúdú.

Ọdún 1984 ni. Àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ padà gbàjọba, wọ́n sì ń dá àwọn òṣìṣẹ́ dúró káàkiri. Mo ti jáde ilé-ìwé, mo jókòó sílé. Èmi ni baba mi máa ń rán lọ kó àwọn ọ̀pá tó bá ti tún ṣe fún àwọn tó ni wọ́n. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkùnrin tó ni ọ̀pá tí mo gbé lọ kò tíì dé. Mo rí bọ́ọ̀lù kan nínú koríko, mo ní kí n dán ọ̀pá náà wò, kí n mọ̀ bóyá ojú ibi tí baba mi jó dúró dáadáa. Mo gbá a. Bọ́ọ̀lù yẹn fò kọjá orí àwọn igi kaṣú, ó lọ.

Ọkùnrin kan tó ń fi irin gbọọrọ tẹ́ ojú bíráùn gbé orí sókè. Baba Ìdásẹ̀n nìyẹn. Ará Ìdásẹ̀n ni, òun ló ń gbé báàgì ọ̀pá fún àwọn òyìnbó onígẹdú nígbà tó wà léwe, ó wo wọ́n títí ó fi mọ̀ ọ́n gbá jù wọ́n lọ. Nígbà tí mo pàdé rẹ̀, òun ni olùkọ́ pápá náà.

Ó bi mí pé, “Ta ló kọ́ ọ?”

Mo ní, “Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, Baba.”

“Tún un gbá.”

Mo tún un gbá. Bọ́ọ̀lù kejì wọ inú igbó lọ tààrà.

Ó ní, “Mo ti wá rí i pé kò sẹ́ni tó kọ́ ọ lóòótọ́. Máa bọ̀ lọ́la.”

Baba mi kò gbà. Ó ní ọmọ òun obìnrin, ọmọ Mùsùlùmí, kò ní lọ máa sáré kiri láàárín àwọn ọkùnrin tó ń mutí. Baba Ìdásẹ̀n wá sí ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀. Baba mi ò tilẹ̀ dá wẹ́dà tó ń ṣe dúró, ó ń bá a sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn awò dúdú rẹ̀. Ó ní, “Ṣé iṣẹ́ lèyí tẹ́ ẹ ń sọ yìí, àbí eré?”

Baba Ìdásẹ̀n sún mọ́ ọn. Ó kàn na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú baba mi. Baba mi ṣí awò kúrò lójú, ó wò ó pẹ́. Ọkùnrin tó ń jó irin mọ ọwọ́ oníṣẹ́ nígbà tó bá rí i. Ó ní, “Ó dáa. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ṣí orí.” Ìdí nìyẹn tí mo fi gbá gbogbo gọ́ọ̀fù ayé mi pẹ̀lú ìborùn lórí. Àwọn kan fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ẹ̀. Mo gbá wọn mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ìborùn náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe kọ́ mi, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yín á ti sá. Ó pẹ́ kí Baba tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Àdá ló kó fún mi, mo ń gé koríko. Mo ń yí dúrọ́ọ̀mù ọ́ìlì, mo ń tẹ́ bíráùn, mo ń wọ inú àbàtà lọ ṣa bọ́ọ̀lù tó sọnù. Nígbà tó tó àkókò, kò gbé ọ̀pá gọ́ọ̀fù fún mi, ẹ̀rúkọ́ ni. Ó fi ọ̀já so apá mi mọ́ ìhà, ó ní kí n máa fì í bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn á fi mú. Bí mo bá gbé orí sókè kí n tó parí, màá gbọ́ ohùn rẹ̀ láti òdìkejì pápá: “Orí rẹ!” Títí di òní, bí ẹnì kan bá pariwo “orí” lọ́jà, ọrùn mi á le gan-an.

Ohun tó le jù nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ kì í ṣe ti ara. Nínú eré bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, rẹ́fírì wà tó ń fọn fèrè. Nínú gọ́ọ̀fù, o lè wà nínú igbó ìwọ nìkan, kó sì jẹ́ pé ìwọ lo máa sọ iye ìgbà tí o gbá bọ́ọ̀lù. Baba máa ń sọ pé, “Ìwọ ni rẹ́fírì. Ìwọ lo máa fẹjọ́ ara rẹ sùn.” Ọkùnrin kan ń kọ́ṣẹ́ pẹ̀lú mi, ọmọ Àfọ̀ ni, ó lágbára, ó mọ̀ ọ́n gbá gan-an. Lọ́jọ́ kan, bọ́ọ̀lù rẹ̀ yí kúrò nídìí igi, kò sì kà á. Baba rí i. Ó kó gbogbo ẹrù ọmọkùnrin náà síta lójú ẹsẹ̀. Ìyá rẹ̀ ru iṣu wá láti Àfọ̀, ó kúnlẹ̀ nínú koríko, ó ń bẹ̀bẹ̀. Baba ní kí ìyá dìde, ó ní kí wọ́n bá a gbé iṣu rẹ̀ padà sínú mọ́tò. Ọmọ yẹn ò tún fẹsẹ̀ tẹ pápá náà mọ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ṣùgbọ́n mo gba ohun tí mo rí gbọ́.

Bí mo ṣe yege ìdánwò púrò, tí mo wá di ẹni tí wọ́n ń pè láti gbá fún owó, mi ò ní fi ìyẹn dà yín láàmú. Mo gbá ní Ìbàdàn, mo gbá ní Kàdúná, mo gbá ní Jọ́ọ̀sì níbi tí òtútù ti ń mú ọwọ́ kú tipiri. Mo borí, mo sì pàdánù. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn iwájú.

Ní pápá tiwa, ilé kan wà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń jókòó, tí wọ́n ń jẹ, tí wọ́n ń mu. Àwa púrò àti àwọn tó ń gbé báàgì, abẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé ni tiwa. Nígbà tí mo ti Kàdúná dé pẹ̀lú ife ìborí lọ́wọ́, ilẹ̀kùn iwájú ni mo gbà wọlé. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní, “Àǹtí, ẹ̀yìn lẹ máa ń gbà o.”

Mo ní, “Lónìí, iwájú ni.”

Mo jókòó, mo gbé ife mi sórí tábìlì. Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Àwọn tó ń gbé oúnjẹ ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá bí ẹni pé àga lásán ló wà níbẹ̀. Mo padà lọ lọ́jọ́ kejì, mo tún jókòó. Mo ń lọ bẹ́ẹ̀ títí ìyàwó akọ̀wé ẹgbẹ́ fi dìde lọ́jọ́ kan níwájú gbogbo wọn, ó gbé míníràlì tirẹ̀ wá síwájú mi, ó jókòó tì mí. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún ní kí púrò gba ẹ̀yìn. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ kò bá mi sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi kó kúrò nílùú. Ìyẹn ò ní kí n má sùn.

Àwọn ohun èlò ń yí padà lójú wa. Orí ọ̀pá ńlá tí mo fi kọ́ṣẹ́, pákó ni, baba mi á fi òjé sínú rẹ̀ kó lè wúwo. Nígbà tó yá, èyí tó jẹ́ irin oníhò nínú dé. Baba Ìdásẹ̀n kórìíra ohùn rẹ̀. Ó ní ó ń dún bí ẹni ń ta agolo nípàá. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ń jìnnà, mo sì ra ọ̀kan. Ó bínú sí mi fún ìgbà díẹ̀, ó wá yá a lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kan, kò sì tètè dá a padà.

Lákòókò yẹn ni orúnkún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu. Ó wá fa àbígbẹ̀yìn rẹ̀, Yẹ́misí, lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n máa kọ́ ọ. Ọmọ náà ní ọwọ́ tó rọ̀ bí ẹni ń fọ èkùrọ́ nínú omi. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù jáde nínú kòtò iyanrìn, ibi tó ń dẹ́rù ba gbogbo ènìyàn jù. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bí àbúrò.

Iná ló ba tèmi jẹ́. Ìgbà ọyẹ́ ni, koríko ti gbẹ, àwọn àgbẹ̀ ń sun oko ní apá Ìpele. Atẹ́gùn gbé iná náà kọjá títì lójijì. Kí a tó mọ̀, igi kaṣú ti ń jó. Ahéré tí a ń kó àwọn dúrọ́ọ̀mù ọ́ìlì sí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá tí gbogbo ọ̀pá wa wà, tèmi, ti Baba, ti Yẹ́misí. Mo sáré wọlé lọ yí àwọn dúrọ́ọ̀mù náà jáde. Baba ń pariwo kí n fi í sílẹ̀. Mo ti yí díẹ̀ jáde kí ọmọrí ọ̀kan tó fò. Ọ́ìlì gbígbóná náà bo ọwọ́ ọ̀tún mi láti ìka dé ìgbọ̀nwọ́.

Mo pẹ́ ní ilé ìwòsàn. Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì, ìka méjì kò lè ká mọ́. Baba Ìdásẹ̀n wá, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó ń gbìyànjú láti ká àwọn ìka náà mọ́ ọn. Wọ́n ń ṣí padà. Ó tún un ṣe. Wọ́n tún ṣí. Ó ní, “Kò ní di nǹkan mú mọ́, Sàlá.” Omi jáde lójú rẹ̀. Èmi ò sunkún níwájú rẹ̀. Mo ní, “Baba, agbe kọ́ ni mo fẹ́ fi ọwọ́ náà ṣe. Màá wá nǹkan ṣe.” Mi ò mọ ohun tí mo ń sọ, mo kàn sọ ọ́ ni.

Ohun tí mo rí ṣe, ọ̀dọ̀ baba mi ló ti wá. Iná wẹ́dà ti mú ojú rẹ̀ ṣú, kò ríran jìnnà mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì fẹ́ máa wá sí pápá. Mo máa ń jókòó tì í, màá máa sọ ohun tó ń lọ fún un lóhùn jẹ́jẹ́, torí pé a kì í pariwo tí ẹnì kan bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù. “Ó ti dúró. Ó ń wo asíá. Atẹ́gùn ń ti ọwọ́ òsì bọ̀, ó mọ̀, ó ti yí ẹsẹ̀ padà. Ó gbá a. Ó ga, ó ga, ó ń já bọ̀… ó bọ́ sórí bíráùn, ó ń yí lọ síhìn-ín, Baba, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa!” Baba mi á máa rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Àwọn tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀ wá ya ìdíje kan lọ́jọ́ kan láti Àkúrẹ́. Ìyá kan tó jẹ́ olóòtú eré ìdárayá wọn, Ìyá Ayọ̀ la máa ń pè é, ti dúró sẹ́yìn wa tipẹ́, a ò mọ̀. Nígbà tí eré parí, ó fọwọ́ kàn mí léjìká. Ó ní, “Ṣé o lè ṣe bí o ṣe ṣe fún Baba yìí fún gbogbo ìpínlẹ̀?”

Mo ní, “Gbogbo ìpínlẹ̀ ríran, Mà.”

Ó ní, “Wọ́n ríran, ṣùgbọ́n wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń wò.”

Bí mo ṣe di sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹ má rò pé ẹnu dídùn nìkan ló wà níbẹ̀. Mo kọ́ bí a ṣe ń dákẹ́. Mo kọ́ pé ohun tí ojú olùwòran ti rí, kí n má tún un sọ, kí n sọ èyí tí kámẹ́rà kò rí: ọwọ́ tó ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ tó rì sínú ilẹ̀ rírọ̀, ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Máníjà wa kò fẹ́ràn ohùn mi. Ó ní mò ń sọ Ọ̀wọ̀ jù. Ó ní, “Ilé ni wọ́n ń pè é, kì í ṣe ulé. Ọmọ, kì í ṣe ọma.”

Mo ní, “Sà, ta ni kò gbọ́ ohun tí mo sọ?”

Ó ní kì í ṣe ìyẹn lòun ń sọ. Mo ní èmi, ìyẹn ni mò ń sọ. Bí inú mi bá dùn, tí ọ̀rọ̀ bá yá mi lẹ́nu, Ọ̀wọ̀ ló máa ń jáde, mi ò sì ní bẹ ahọ́n mi kó tó sọ̀rọ̀. Láti Ìdásẹ̀n dé Àfọ̀, àwọn tí kò rí ọ̀pá gọ́ọ̀fù rí ń kóra jọ síwájú tẹlifíṣọ̀n láti gbọ́ mi. Máníjà fi “ulé” mi sílẹ̀ fún mi.

Ìdíje àwọn obìnrin kan wá wáyé ní pápá tiwa gan-an. Ẹni tó bá borí ni yóò lọ ṣojú wa lókè òkun. Yẹ́misí ti dàgbà, ó ti di púrò, òun ló sì ń ṣíwájú. Gbogbo Ọ̀wọ̀ jáde. Àwọn ẹgbẹ́ akọrin ìjọ àwọn Yẹ́misí wà níbẹ̀, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ti ìdílé tèmi wà níbẹ̀. Baba Ìdásẹ̀n dúró nídìí igi kaṣú kan tó ṣẹ́kù. Èmi wà lórí pèpéle gíga tí wọ́n fi páìpù kàn, máíkì wà lẹ́nu mi, ohun tí mo bá sọ ń lọ sínú ilé àwọn ènìyàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí eré parí, bọ́ọ̀lù Yẹ́misí bọ́ sínú kòtò iyanrìn. Òfin wa ni pé ọ̀pá rẹ kò gbọdọ̀ kan iyanrìn kí o tó gbá bọ́ọ̀lù. Bó bá kàn án, wọ́n á fi méjì kún iye ìgbà tí o gbá bọ́ọ̀lù, ẹni tí tirẹ̀ bá sì kéré jù ló ń borí. Kámẹ́rà wà lẹ́yìn rẹ̀. Èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo rí i tó sọ ọ̀pá kalẹ̀, tí orí rẹ̀ fara lé iyanrìn, tó fi ipa sílẹ̀ níbẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀kọ. Lẹ́yìn náà ló gbá a. Kò sí bí bọ́ọ̀lù ṣe lè dára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó fò jáde, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò, ó dúró. Ariwo sọ.

Èmi ni mo kọ́ ọwọ́ yẹn. Mò ń retí kó gbé ọwọ́ sókè, kó fẹjọ́ ara rẹ̀ sùn. Kò gbé e. Mo wá sọ ọ́, ohùn mi kò yí padà: “Ẹ̀yin ènìyàn mi, bọ́ọ̀lù yẹn dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pá Yẹ́misí kan iyanrìn kó tó gbá a. Ó yẹ kí wọ́n fi méjì kún un.”

Yẹ́misí fi ẹyọ kan borí. Àwọn adájọ́ pè é, torí ẹnì kan ti sáré lọ sọ ohun tí mo wí fún wọn. Ó ní, “Ọ̀pá mi ò kan nǹkan kan.” Wọ́n wo téèpù. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa fi dé kòtò náà, ó ti ha ojú iyanrìn pa, bí àṣà wa. Wọ́n gbé ife fún un.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti di òpùrọ́. Ní ọjà, obìnrin kan tó máa ń pè mí ní “ọma wa” sọ ọ́ sí mi lójú pé, “Ìlara ni! Nítorí pé ọwọ́ tìẹ ti rọ.” Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju ọ́ìlì lọ. Mo dé ilé, baba mi ti gbọ́. Ó ní, “Ṣé o rí i?” Mo ní, “Mo rí i, Baba.” Ó ní, “Ó tán,” ó sì ní kí wọ́n bu oúnjẹ fún mi.

Máníjà pè mí sí Àkúrẹ́. Ìyá Ayọ̀ jókòó sínú ọ́fíìsì náà, ó ń wo ilẹ̀.

Máníjà ní, “Ìwọ á tọrọ àforíjì lórí afẹ́fẹ́. Ṣáà sọ pé ojú ló ṣì ọ́.”

“Ojú mi ò ṣì mí, Sà.”

“Sàlámátù, ọ̀rọ̀ kékeré ni. Gbólóhùn kan péré.”

“Bó bá jẹ́ kékeré, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.”

“A ó wá ẹlòmíràn o.”

Mo ní, “Ẹ wá a.” Mo dìde, mo wọ mọ́tò Ọ̀wọ̀.

Ìdásẹ̀n ni mo gbà lọ lọ́jọ́ kejì. Baba jókòó sí iwájú ilé, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Mo kúnlẹ̀ kí i. Kò ní kí n dìde, kò sì lé mi. Ó ń bó ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tó pẹ́, ó ní, “Ibo ni ùwọ wà tí o fi rí i?”

“Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, Baba. Lókè.”

Ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀. “Èmi náà rí i. Láti ìdí kaṣú.”

Mo rántí obìnrin Àfọ̀ tó kúnlẹ̀ nínú koríko. Mo ní, “Baba, ẹ̀yin lẹ lé ọmọ yẹn lọ. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Kí ló dé tẹ́ ò sọ̀rọ̀?”

Ó wo ojú mi. Ó ní, “Ọma mi ni, Sàlá. Ọma mi ni.”

Mo lè gbé ọ̀rọ̀ yẹn lọ sí ọjà lọ́jọ́ náà, kí gbogbo wọn sì gbọ́. Mi ò gbé e lọ. Kì í ṣe àánú nìkan. Ohun tí mo fi ojú mi rí ti tó mi. Mi ò nílò kí ẹlòmíràn tó rí i pẹ̀lú mi kó tó di òótọ́. Baba ti lọ báyìí, ọmọ rẹ̀ sì mọ̀ pé mo máa kọ ọ́ síbí.

Àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, mo kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní gọ́ọ̀fù lórí pápá ilé-ìwé kan ní Ìpele, pẹ̀lú ọ̀pá tí baba mi gé kúrú fún wọn. Bí wọ́n bá ń ṣe eré ìje ilé-ìwé, èmi ni wọ́n ń gbé gbohùngbohùn fún. Àwọn tó ń bú mi ń wá gbọ́ mi. Wọ́n á dúró sẹ́yìn ọgbà, wọ́n á máa ṣe bí ẹni pé ọ̀nà ni wọ́n ń gbà kọjá.

Yẹ́misí lọ sókè òkun, ó dé. Kò kí mi. Nígbà tí Baba kú, mo wọ aṣọ tó dára, mo lọ sí ìsìnkú rẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n Yẹ́misí ní mi ò gbọdọ̀ wọ ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Mo dúró sí òdìkejì títì nínú oòrùn títí wọ́n fi bo ilẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn kọ́ ló ni títì.

Lọ́dún 1999, àwọn ológun lọ, ìjọba alágbádá dé, wọ́n sì pààrọ̀ àwọn ọ̀gá ní tẹlifíṣọ̀n. Ìyá Ayọ̀ di máníjà. Ó wá sílé mi fúnra rẹ̀, ó ní, “Mo wo ilẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Kò yẹ kí n wo ilẹ̀. Padà wá.” Mo ní bí mo bá padà, ohun tí mo bá rí ni màá máa sọ o. Ó ní ìdí tí òun fi wá nìyẹn.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ padà fún ìgbà díẹ̀ nígbà tí Yẹ́misí kan ilẹ̀kùn mi láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó ti tín-ín-rín. Ẹ̀yìn ń dùn ún, àwọn dókítà ti ní kó má gbá gọ́ọ̀fù mọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò jókòó.

Ó ní, “Àǹtí, mo fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ẹnu yẹn.”

Mo ní, “Ṣé kò sí ẹlòmíràn tó lè kọ́ ọ?”

Ó ní, “Kò sí.”

Mo wò ó. Mo ní kó pàdé mi ní Àkúrẹ́.

Nígbà tó dé, mo mú un wọ yàrá kékeré tí a ti ń wo téèpù. Mo ki ọ̀kan bọ inú ẹ̀rọ, mo gbé máíkì fún un, mo ní, “Má wò mí. Wo àwòrán, kí o máa sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.” Àwòrán yọ. Ó rí pápá wa, ó rí ara rẹ̀, ó sì mọ téèpù tó jẹ́. Ó gbé máíkì sílẹ̀, ó dìde, ó di ilẹ̀kùn mú. Mi ò dá a dúró. Ó dúró níbẹ̀ pẹ́. Ó padà wá jókòó.

Ó bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ dára, kò sáré, ó mọ ibi tó yẹ kó dákẹ́ sí. Ó ń bá a bọ̀ títí bọ́ọ̀lù fi bọ́ sínú kòtò. “Ó ti wọ inú iyanrìn. Ó ń wá ibi tí yóò fi ẹsẹ̀ sí.” Lórí ẹ̀rọ, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan la ń wò. Lẹ́yìn náà ó sọ ọ́ wéréwéré: “Ọ̀pá rẹ̀ kan iyanrìn.”

Mo dá ẹ̀rọ dúró. “Ọ̀pá ta ni?”

“Ọ̀pá mi. Ọ̀pá mi kan iyanrìn!” Omi ń dà lójú rẹ̀, inú sì ń bí i. “Ṣé ó ti tẹ́ yín lọ́rùn báyìí, Àǹtí?”

Mo ní, “Rárá. O sáré sọ ọ́ jù. Àwọn tó wà nílé ò rí ọwọ́ rẹ, ẹ̀yìn rẹ nìkan ni wọ́n ń wò. Dá téèpù padà, kí o sọ ọ́ kí wọ́n lè rí i.”

Ó fi etí ìró nu ojú, ó na ọwọ́ sí ẹ̀rọ, ó dá a padà.